Ìdá 3 nínú 100: ṣé ká ṣì máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dà Linux fún àwọn géèmù ọgbọ́n?

#1 Atamátàsé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí lọ́kàn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti yọ Windows kúrò lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí mo ń lò n'Ìbàdàn, tí mo sì gbé Linux, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sí i. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà. Nígbà tí Windows wà lórí rẹ̀, àtúnṣe tó ń wá lóṣooṣù a máa jẹ dátà mi tán, ẹ̀rọ a sì gbóná débi pé n kò lè gbé e lé itan. Géèmù tí mo sì fẹ́ràn jù lọ ni irú èyí tó gba àròjinlẹ̀, tí èèyàn ti ń tẹ ìlú dó, tó ń ṣọ́ àpò ìṣúra, tó ń kó ọmọ ogun jọ, tó sì gbọ́dọ̀ ro ohun tí alátakò lè ṣe kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Géèmù ọgbọ́n ni n ó máa pè wọ́n níbí. Wọ́n bá ipò wa mu, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, bí iná bá sì lọ lójijì, èèyàn lè padà sí ibi tó bá a dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Manchester, Windows ló ń lò. A jọ ra géèmù kan kí a lè máa pàdé lórí rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, nítorí a kò tíì fojú kan ara wa láti ìgbà tó ti lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń tà á pé ó ní ẹ̀dà ti Linux, mo sì rà á tayọ̀tayọ̀. Sátidé mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní ìkẹrin, bí mo ṣe fẹ́ wọlé sínú eré tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀dà tèmi àti tirẹ̀ kò dọ́gba. Mo wo nọ́ńbà kékeré tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà: àtúnṣe méjì ni tirẹ̀ fi ṣíwájú tèmi. A dúró. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì tún kọjá, nọ́ńbà tèmi kò yí padà, tirẹ̀ sì tún ti sún síwájú. Nígbà tí mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, èsì tí wọ́n fún mi ni pé àwọn tó ń lo Linux kéré níye, pé kí n ní sùúrù.

Nínú ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ Valve ń ṣe lóṣooṣù láàrin àwọn oníbàárà Steam, ilé ìtajà géèmù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìpín Linux tó kọjá ìdá 3 nínú 100. Èrò mi ni pé ká para pọ̀ kọ ìwé sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ọgbọ́n, kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà Linux fún gbogbo iṣẹ́ wọn. Ṣé ìdá 3 tó ohun tí èèyàn lè gbé dúró kó fi bẹ̀bẹ̀, àbí omi ni a ń dà sínú agbọ̀n?

#2 Àgbà_Ọlọ́pọ́n

Atamátàsé, àbúrò mi, mo kí ọ. Ìbéèrè rẹ ti pẹ́ láyé. Mo ti ń lo Linux láti ìgbà tí a ń gbà á nínú CD, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá.

Ní ọdún 1998, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Scott Draeker dá ilé-iṣẹ́ Loki Software sílẹ̀ ní California. Iṣẹ́ wọn ni láti gba kóòdù géèmù Windows lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí Linux, kí wọ́n sì tà á nínú páálí bí ọjà gidi. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1999, géèmù ọgbọ́n ni: Civilization: Call to Power. Railroad Tycoon II tẹ̀ lé e, Heroes of Might and Magic III náà wá, Sid Meier's Alpha Centauri náà wá. Iṣẹ́ wọn dára, mo lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọjà kò yá. Gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn ní 2001, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2002, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Ohun tí mo rí nígbà náà ni pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ní Linux ló ní Windows lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà. Nígbà tí géèmù bá jáde fún Windows, a kì í dúró. A ti rà á, a ti gbá a tán, kí ti Linux tó dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Àwa gan-an tí a ń pariwo pé a fẹ́ ẹ̀dà Linux ni a kò rà á.

Ìgbà kejì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2012, Gabe Newell tó jẹ́ olórí Valve sọ ní gbangba pé àjálù ni Windows 8 jẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń ṣòwò kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù sì ń bà á pé Microsoft lè fi ilé ìtajà tirẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2013, Steam dé sórí Linux tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni géèmù ọgbọ́n ti rọ́ dé bí òjò àkọ́rọ̀. Paradox ti Sweden gbé Crusader Kings II wá, ó tún gbé Europa Universalis IV wá, èyí tí èèyàn ti lè mú Ọ̀yọ́ ní ọdún 1444 kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ìtàn rẹ̀ tò. Mo gbé Ọ̀yọ́ dé etí òkun lórí Linux, inú mi sì dùn ju bí mo ti lè sọ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014 nìkan, Civilization V àti XCOM: Enemy Unknown dé tẹ̀léra-tẹ̀léra. Stellaris àti Hearts of Iron IV, ní 2016, ọjọ́ tí wọ́n jáde fún Windows náà ni wọ́n jáde fún wa.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí ni pé ìpín Linux lórí Steam kò tó ìdá kan nínú 100 fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, síbẹ̀ géèmù ọgbọ́n ń wá. Nítorí náà, kọ ìwé rẹ. N ó fọwọ́ sí i.

#3 Ìyálójà_Ẹ̀rọ

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. N kò gbá géèmù púpọ̀, àwọn ọmọ mi ló ń gbá a, ṣùgbọ́n mo ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ n'Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ ìpín nínú ọjà sì jẹ́ ohun tí mo lè sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun tó mú kí ìpín Linux kéré kò jìn rárá. Ẹni tó wá ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi ń ra ohun tó bá lórí rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, Windows yọ, ó sanwó, ó lọ. Láti ọdún tí mo ti wà nínú òwò yìí, àwọn tó wá béèrè Linux fúnra wọn kò ju kí n fi ìka ọwọ́ mi méjèèjì kà wọ́n tán. Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, mo ń rí àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò ní ohun tí Windows 11 ń béèrè, pàápàá ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Irú wọn ni mo ń sọ fún pé Linux wà. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin inú wọn máa ń bi mí ni pé, "Mọ̀mí, ṣé géèmù mi á ṣiṣẹ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ń tà náà. Géèmù ọgbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Planetary Annihilation, tó jáde ní 2014 pẹ̀lú ẹ̀dà Linux. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é sọ ní gbangba nígbà tó yá pé ohun tí wọ́n tà fún àwọn oní-Linux kò tó ìdá kan nínú 1,000 gbogbo ọjà wọn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìròyìn pé géèmù dákú àti gbogbo ìwé pé ẹ gbà wá, ó ju ìdá 20 nínú 100 lọ tó ti ọ̀dọ̀ Linux wá, tó sì jẹ́ pé káàdì àwòrán ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Bí oníbàárà kan nínú ẹgbẹ̀rún bá ń gba wákàtí kan nínú márùn-ún tí mo fi ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló rà, mo lè fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, ṣùgbọ́n n kò ní lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ ìwé tí kò dá ẹni náà lóhùn.

#4 Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ kíkọ kóòdù ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ fi ohun méjì kún un.

Èkíní ni pé ìṣirò kan wà tó dojú kọ ti Planetary Annihilation. Ẹni tó ṣe géèmù òfuurufú kan tó ń jẹ́ ΔV: Rings of Saturn ka tirẹ̀ ní 2021. Kì í ṣe géèmù ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kàn wá. Ó ti ta bí 12,000, bí 700 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Linux. Ìròyìn àṣìṣe tó gbà lé díẹ̀ ní 1,000, bí 400 nínú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Linux wá. Bí a bá dúró síbí, ẹjọ́ Linux ti bàjẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo 400 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta péré ló jẹ́ àṣìṣe tó kan Linux nìkan. Gbogbo ìyókù, àṣìṣe tó wà nínú géèmù náà fún gbogbo ayé ni. Àwọn oní-Linux kàn ní ìwà pé bí wọ́n bá rí nǹkan, wọ́n á ròyìn rẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì sọ bí èèyàn ṣe lè tún un rí. Nítorí náà, ìdá tó pọ̀ nínú ẹ̀sùn kò túmọ̀ sí wàhálà tó pọ̀. Lóòótọ́, ní 2014 tí Planetary Annihilation jáde, ọ̀rọ̀ káàdì àwòrán lórí Linux burú gan-an. Ó ti yàtọ̀ báyìí.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù fún Atamátàsé, òun sì ni ìdí tí n kò fi gbà pẹ̀lú ìwé tó fẹ́ kọ. Ẹ ní sùúrù fún mi, ó gba àlàyé.

Nínú géèmù ìbọn, èèyàn mẹ́wàá sí ogún ló wà lójú ogun, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tó so gbogbo wọn pọ̀, sì lè máa sọ ibi tí oníkálùkù wà fún gbogbo ẹ̀rọ. Nínú géèmù ọgbọ́n tí ogun ti ń jà lójú ẹsẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lè wà lórí pápá. Bí a bá ní ká máa fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró sí ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gbà á. Nítorí náà, àṣẹ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́: "àwọn tafàtafà ogójì wọ̀nyí, ẹ lọ síbí yìí." Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á wá fúnra rẹ̀ ṣírò gbogbo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, láti orí ìgbésẹ̀ títí dé orí ọfà tó balẹ̀. Ohun tó mú kí eré náà jẹ́ ọ̀kan ni pé gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣírò, kí èsì wọn sì dọ́gba pátápátá, láìṣẹ́kù ẹyọ kan. Láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n á fi àròpọ̀ wọn wéra.

Ẹ jẹ́ ká wo ọfà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà Manchester ṣírò pé ọfà náà balẹ̀ sí ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 112.4999999. Kọ̀ǹpútà Ìbàdàn, tí ẹ̀dà tirẹ̀ jẹ́ kóòdù kan náà ṣùgbọ́n tí irinṣẹ́ mìíràn ló sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ, ní 112.5000000. Ìyàtọ̀ yìí kéré ju eruku lọ. Ṣùgbọ́n ìlà tó pààlà láàrin kí ọfà ba ọmọ ogun àti kí ó tàsé wà ní 112.5. Ní Manchester, ọmọ ogun náà wà láàyè. Ní Ìbàdàn, ó ti kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ọmọ ogun tó wà láàyè ti dá ẹnu ọ̀nà ìlú sí. Eré ti yapa sí méjì, géèmù á sì já yín.

Ìdí rèé tí ẹ̀dà Linux fún Total War: Warhammer II, tí Feral Interactive ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, fi gba àwọn oní-Linux àti oní-macOS (ti kọ̀ǹpútà Apple) láyè láti bá ara wọn jà ṣùgbọ́n tí kò lè bá oní-Windows jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Civilization VI nígbà tó kọ́kọ́ dé sórí Linux ní oṣù kejì ọdún 2017. Ẹ̀dà tiwa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbà ni wọ́n fi yí i ká.

Ẹ wá wo Proton, ohun èlò tó ń jẹ́ kí géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, tí Valve gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 lórí iṣẹ́ Wine, irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tó ti wà láti 1993. Proton kì í tún kóòdù géèmù kọ. Fáìlì Windows yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ. Ohun tí Proton ń ṣe ni pé ó ń dá a lóhùn nígbà tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ Windows, ó sì ń yí èdè àwòrán Direct3D ti Windows padà sí Vulkan tí Linux gbọ́. Ìṣirò ọfà yẹn kò yí padà, nítorí ìlànà kan náà ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ń tẹ̀ lé. Àfi ibì kan: bí géèmù bá yá ìṣirò lọ́wọ́ fáìlì tó jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí Age of Empires II: Definitive Edition, tí ó máa ń yapa lórí Linux fún ìgbà pípẹ́, títí àwọn èèyàn fi rí i pé fáìlì kan tó ń jẹ́ ucrtbase.dll ni. Ti Wine ń dáhùn lọ́nà tó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti Microsoft. Wọ́n á lọ sínú fódà compatdata, wọ́n á wá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 813780 (nọ́ńbà géèmù náà lórí Steam), wọ́n á sì fi fáìlì ti Microsoft rọ́pò rẹ̀ nínú system32. Eré á sì dọ́gba.

Atamátàsé, ṣe èyí fún mi lónìí. Ní Steam, tẹ orúkọ géèmù rẹ, lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Compatibility, kí o sì yan Proton. Steam á yọ ẹ̀dà Linux kúrò, á sì gba ti Windows wọlé. Ṣọ́ dátà rẹ, nítorí ó lè gba gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

#5 Ará_Peckham

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ, mo gbà pẹ̀lú yín délẹ̀délẹ̀. Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé tí Valve ṣe, ni mo fi ń gbá gbogbo géèmù mi láti 2022, nínú ọkọ̀ ojú irin ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Linux ló wà nínú rẹ̀. Àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní i, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé Linux ni, kò sì kàn wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ló gbé ìpín wa láti ìdá kan dé ìdá mẹ́ta, kì í ṣe àwa tí a ń jiyàn lórí ẹ̀dà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ sínú ìwé ni ìwọ̀n lẹ́tà. Ojú Steam Deck kò ju 1280 sí 800 lọ, géèmù ọgbọ́n sì kún fún tábìlì, owó orí, orúkọ ìlú àti ìlà kéékèèké. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì ẹ̀rọ kí n tó lè ka iye ọkà tó kù ní àká. Pátákó ìfọwọ́kàn méjì tó wà lára rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ eku dáadáa, n kò ní ẹ̀sùn síyẹn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá fi ààyè sílẹ̀ kí èèyàn lè mú lẹ́tà tóbi ti ṣe wá lóore ju ẹni tó ṣe ẹ̀dà Linux tó sì pa á tì.

#6 Àgbà_Ọlọ́pọ́n

Mo gbọ́ gbogbo yín, àlàyé ọfà yẹn sì yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Bí a bá gbà pé Proton tó, a jẹ́ pé ayálégbé ni wá nínú ilé tí Windows kọ́. Ọjọ́ tí onílé bá yí ògiri padà, àwa ni a ó máa sá káàkiri. Paradox tó ń ṣe ẹ̀dà Linux fún wa láti 2013, ẹ wo Europa Universalis V tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025: Windows nìkan ni. Cities: Skylines àkọ́kọ́ ní ẹ̀dà Linux ní 2015, ìkejì rẹ̀ kò ní. Ṣé kì í ṣe pé Proton ló fún wọn láyè láti gbàgbé wa?

#7 Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Àgbà, ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan ti fi Proton ṣe ìdí láti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo Civilization VII, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2025 pẹ̀lú ẹ̀dà Linux ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti Windows. Ẹni tó bá lè ṣe é kó sì tọ́jú rẹ̀, kí ó ṣe é, a ó rà á. Èyí tí n kò fẹ́ ni kí a fi dandan mú ẹni tí kò ní agbára rẹ̀ láti bí ọmọ tí kò ní lè tọ́.

Ẹ sì rántí pé nígbà tí Valve gbé Proton jáde, wọ́n ṣàlàyé pé géèmù Windows tí èèyàn bá fi Proton gbá lórí Linux, Linux ni wọ́n á kà á sí nínú ìṣirò wọn. Nígbà Loki, ẹni tó padà sórí Windows láti gbá géèmù di oníbàárà Windows. Báyìí, bí Atamátàsé bá gbá a lórí Linux rẹ̀, wọ́n á rí i.

#8 Olómìnira

Ó yà mí lẹ́nu pé a ti dé ìdáhùn keje láìdárúkọ àwọn géèmù tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Ìpín nínú ọjà kò kàn wọ́n, nítorí wọn kì í ṣe ọjà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Aarhus ní Denmark bẹ̀rẹ̀ Freeciv ní 1995, ó sì ń tẹ̀ síwájú títí di òní. David White bẹ̀rẹ̀ Battle for Wesnoth ní 2003. Kò wúwo rárá, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti gbó lè gbé e láìmí. 0 A.D. bẹ̀rẹ̀ bí àfikún sí Age of Empires II, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2009. Àwọn ará Kúṣì, ìjọba àtijọ́ ní ilẹ̀ Súdàn, wà nínú rẹ̀ láti 2018, pẹ̀lú pírámíìdì wọn àti àwọn tafàtafà wọn, ọmọ mi obìnrin kò sì ń mú ẹlòmíràn. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Warzone 2100. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní 1999 ti kógbá sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní 2004, géèmù náà kò bá wọn kú.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kóòdù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe ti Windows àti ti Linux, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń gbé e jáde. Atamátàsé, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí láìná kọ́bọ̀. Ohun kan ni kí o ṣọ́ra fún: má ṣe gbà á láti inú àká ètò Ubuntu tàbí Debian, tí wọ́n jẹ́ irú Linux, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ sábà máa ń pẹ́ lẹ́yìn, ìjà ẹ̀dà tí kò dọ́gba á sì tún bẹ̀rẹ̀. Gba Flatpak rẹ̀, ìyẹn àpò ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí onírúurú Linux, tàbí kí o gbà á láti ojú òpó àwọn tó ṣe é.

#9 Ìyálójà_Ẹ̀rọ

Olómìnira, ẹ ṣeun. N ó gbé Wesnoth àti 0 A.D. sórí ẹ̀rọ mẹ́ta tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó bá béèrè lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò tó fún wọn tẹ́lẹ̀.

#10 Atamátàsé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò fi dáhùn, nítorí mo fẹ́ ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe ná.

Mo yan Proton. Gígà 11 ni ó tún gbà, mo fi òru méjì gbà á nítorí dátà òru ló dín wó. Nígbà tí mo ṣí i, ìṣísílẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àyà mi sì já. Lẹ́yìn náà, mo wo igun ìsàlẹ̀: nọ́ńbà tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi dọ́gba. A gbá a ní Sátidé láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kò já wa lẹ́ẹ̀kan. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀dọ̀ mi, bátìrì gbé mi kọjá ìkíní. Ní ìkejì, a padà sí ibi tí a ti fi pamọ́. Ó ṣẹ́gun mi, ṣùgbọ́n mo gba ìlú méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣẹ́gun.

Mo ti yí ìwé náà padà. Àgbà, mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á kí n tó fi ránṣẹ́:

"Sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géèmù ọgbọ́n. Oníbàárà yín ni wá, lórí Linux ni a sì ń gbá géèmù yín. A kò ní kí ẹ ṣe ẹ̀dà tí agbára yín kò ká. Bí ẹ bá ti ní in, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa fún un ní àtúnṣe ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti Windows, tàbí kí ẹ sọ ní gbangba pé ẹ ti dáwọ́ dúró, kí a lè mọ ibi tí a ó gbà. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dán àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wò lórí Proton kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ Linux kan àti ẹ̀rọ Windows kan bá ara wọn jà fún wákàtí kan nínú ìdánwò náà, kí ẹ lè rí i bóyá eré wọn yóò yapa. Ẹ jẹ́ kí a lè mú lẹ́tà tóbi. Bí àṣìṣe bá sì wà, a ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ nílò láti tún un rí."

#11 Àgbà_Ọlọ́pọ́n

Ó dára. Yọ "ẹ jọ̀ọ́" ẹlẹ́ẹ̀kejì kúrò, méjì ti pọ̀ jù. Kí o sì fi orúkọ mi sí i.